Òṣùwọ̀n Kì í Ṣe Ìdájọ́: Àgbéyẹ̀wò Sísọ Àtubọ̀tán Aláìsàn tí Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀ Kọṣẹ́

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí a bá gbé ènìyàn dé wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní ICU, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn ẹbí tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà: 'Dókítà, ṣé yóò yè é?' Dókítà pẹ̀lú ní ìbéèrè tirẹ̀ tí ó fara pẹ́ èyí, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìmí kan ṣoṣo ni ó kù, tí aláìsàn méjì sì nílò rẹ̀: ta ni ẹ̀rọ yìí yóò ṣe láǹfààní jù? Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n lè sọ fún wa, àti ohun tí wọn kò lè sọ. Èrò wa, tí a ó gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé òṣùwọ̀n àtubọ̀tán lè sọ òtítọ́ nípa ọ̀wọ́ aláìsàn kan, ní àkókò kan, ní ibì kan, lábẹ́ irú ìtọ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ìdájọ́ lórí ẹnì kan ṣoṣo, tàbí tí a bá gbé e kúrò ní ibi tí a ti ṣe é lọ sí ibòmíràn láìdán an wò, ó lè fa ikú ẹni tí ì bá yè.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a ó máa lò. 'Ìkọṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró' ni a ó máa pe àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ sí ARDS. A yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, tí wọ́n máa ń sọ pé ọkọ̀ kọṣẹ́ nígbà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́. 'Òṣùwọ̀n' ni ìlànà tí a fi ń sọ àwọn àmì àìsàn di máàkì. 'Àtubọ̀tán' sì ni ohun tí ó gbẹ̀yìn àìsàn náà: yálà aláìsàn yè tàbí kò yè, àti irú ìgbé ayé tí ó padà sí bí ó bá yè.

2.0 Ohun tí Ìkọṣẹ́ Ẹ̀dọ̀fóró Jẹ́

Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni àìmọye àpò atẹ́gùn kéékèèké wà, tí awọ wọn fẹ́lẹ́ gan-an. Láti inú awọ yìí ni ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àìsàn bá mú kí awọ yìí wú, tí ó sì ń jò, omi yóò kún inú àwọn àpò náà. Ẹ̀dọ̀fóró yóò wá le, yóò sì wúwo bíi tìmùtìmù tí omi rin gbingbin. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè fa èyí: òtútù àyà, kòkòrò àìsàn tí ó tàn ká inú ẹ̀jẹ̀, ìfarapa ńlá nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, tàbí kí ohun tí ó wà nínú ikùn gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìtàn wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ èémí. Ní ọdún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Denmark. Àwọn tí àrùn náà mú kò lè fi iṣan àyà wọn mí mọ́. Bjørn Ibsen, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, dábàá pé kí a ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun, kí a sì máa fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ wọlé láti inú àpò rọ́bà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí tọ̀sántòru, ikú sì dín kù gidigidi. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn kò ní àbùkù tó bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ó ń fẹ̀ ẹ́ ni ó kọṣẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí David Ashbaugh, Thomas Petty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1967, wọ́n kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa aláìsàn 12. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe wọ́n yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ipò kan náà ni ẹ̀dọ̀fóró wọn bọ́ sí: ọ́síjìn tí a ń fún wọn kò wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Nínú àwọn 12 yìí, 7 kú.

A lè sọ pé 7 nínú 12 ni nọ́ńbà àtubọ̀tán àkọ́kọ́ fún àìsàn tí a wá ń pè ní ARDS. Láti inú nọ́ńbà kékeré yìí gan-an ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 12 pọ̀. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni kẹtàlá.

3.0 Àwọn Òṣùwọ̀n tí ó Wà

3.1 Òṣùwọ̀n ẹ̀dọ̀fóró

Òṣùwọ̀n tí a ń lò jù fún ẹ̀dọ̀fóró kò ṣòro láti ṣírò. Ohun méjì ni a nílò. Èkíní ni agbára ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ọkàn bọ̀, èyí tí a ń fi mmHg wọ̀n. Èkejì ni ìpín ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń fà símú. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, ìpín yìí jẹ́ 21 nínú 100, èyí ni 0.21, ẹ̀rọ ìmí sì lè gbé e dé 1.0. A ó wá fi èkejì pín èkíní. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí agbára ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 90, yóò gba nǹkan bí 430. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń wálẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń burú sí i.

Ní ọdún 1988, Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n tí ó pa nǹkan mẹ́rin pọ̀: àwòrán X-ray àyà, nọ́ńbà ọ́síjìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé, agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ìmí ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti bí ẹ̀dọ̀fóró ti le tó. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù fi ẹnu kò pé bí nọ́ńbà ọ́síjìn bá jẹ́ 200 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn àmì yòókù sì wà níbẹ̀, ARDS ni. Ní ọdún 2012 ni a gbé oríkì tuntun jáde, èyí tí a ń pè ní oríkì Berlin. Gẹ́gẹ́ bí oríkì yìí ti wí, àìsàn náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà tí ohun tí ó fà á ṣẹlẹ̀. Àwòrán gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ni ó kàn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àìlera ọkàn tàbí omi àpọ̀jù nìkan ni ó fà á. Aláìsàn sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ó bá mí síta tán. Oríkì náà pín àwọn aláìsàn sí ipele mẹ́ta. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ju 200 lọ ṣùgbọ́n tí kò ju 300 wà ní ipele fífúyẹ́; ẹni tí tirẹ̀ ju 100 lọ ṣùgbọ́n tí kò ju 200 wà ní ipele àárín; ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 100 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà ní ipele líle. Nínú àwọn aláìsàn tí a fi dán an wò, 27 nínú 100 ni ó kú ní ipele fífúyẹ́, 32 ní ipele àárín, 45 ní ipele líle.

3.2 Òṣùwọ̀n gbogbo ara

Ẹ̀wẹ̀, àwọn òṣùwọ̀n kan wà tí kò dúró lórí ẹ̀dọ̀fóró nìkan. William Knaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé APACHE jáde ní ọdún 1981. Wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1985 sí APACHE II. Ohun 12 ni APACHE II ń wọ̀n lára aláìsàn láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ìgbóná ara, ìlù ọkàn, àti ipò tí kíndìnrín wà. A ó ro ọjọ́ orí àti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ ọn. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 71.

SOFA, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1996, ń wo ẹ̀yà mẹ́fà: ẹ̀dọ̀fóró, dídì ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ, àti kíndìnrín. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé nípa SOFA: àwọn tí ó ṣe é kò ṣe é láti fi sọ àsọtẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe é láti fi ṣe àpèjúwe bí àìsàn ti ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Àwa tí ó ń lò ó ni a sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ikú àti ìyè.

4.0 Bí a Ṣe ń Dán Òṣùwọ̀n Wò

Ìdánwò méjì ni òṣùwọ̀n àtubọ̀tán gbọ́dọ̀ yege. Èkíní ni agbára ìyàsọ́tọ̀: ǹjẹ́ ó lè ya àwọn tí yóò kú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí yóò yè? Èkejì ni ìpéye iye: bí ó bá sọ pé 40 nínú 100 yóò kú, ǹjẹ́ 40 ni ó kú lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò kìíní. Ká ní a mú aláìsàn kan tí ó kú àti ọ̀kan tí ó yè, tí a sì bi òṣùwọ̀n léèrè pé ta ni ipò rẹ̀ burú jù. Bí òṣùwọ̀n kò bá ní ìmọ̀ kankan, yóò gbà á ní ìgbà 50 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ju kọ́bọ̀ sókè. Bí ó bá pé pérépéré, yóò gbà á ní ìgbà 100. Nígbà tí a fi ọ̀nà yìí dán oríkì Berlin wò, 0.577 ni ó gbà, èyí tí ó já sí pé ó gbà á ní nǹkan bí ìgbà 58 nínú 100. Oríkì ọdún 1994 gba 0.536. A kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ náà kù, nítorí àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn ni ó tẹ nọ́ńbà náà jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé nọ́ńbà ọ́síjìn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kọ́bọ̀ lọ nígbà tí ó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ó fà á? Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ aláìsàn méjì tí a fi inú rò. Ẹni kìíní jẹ́ ọmọ ọdún 24 tí ó farapa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Agbára ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, ìpín ọ́síjìn tí ó ń fà símú sì jẹ́ 0.6. Ẹni kejì jẹ́ ẹni ọdún 71 tí òtútù àyà mú, tí kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti dẹ́kun iṣẹ́. Agbára ọ́síjìn tirẹ̀ jẹ́ 80, ìpín tí ó ń fà símú sì jẹ́ 0.8. Bí a bá ṣírò rẹ̀, 100 ni àwọn méjèèjì gbà. Ipele kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí yóò sọ pé ewu kan náà ni ó dojú kọ wọ́n. Ìdí abájọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní ìkọṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kì í kú nítorí àìtó ọ́síjìn nìkan. Ìkọṣẹ́ àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ni ó ń pa wọ́n.

Ohun mìíràn ni pé ọ́síjìn kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2002, Nuckton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ àfidánù lára aláìsàn 179, èyí ni afẹ́fẹ́ tí ó wọlé tí ó sì jáde láìfara kan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ju ìdajì èémí kọ̀ọ̀kan lọ ni ó ń ṣòfò báyìí, àti pé bí ìpín àfidánù yìí ti ń ga ni ewu ikú ń ga. Ó hàn gbangba pé ohun tí ó rọrùn láti wọ̀n kọ́ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ jù.

5.0 Òṣùwọ̀n àti Àkókò

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Lérò tiwa, òwe yìí ṣe àlàyé kókó kan tí ó ṣe pàtàkì nínú sísọ àtubọ̀tán: àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Nọ́ńbà ọ́síjìn kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Ti ẹni tí ó ń yí ẹ̀rọ náà ni pẹ̀lú. Bí a bá fi kún agbára afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró, nọ́ńbà náà lè fò sókè láàárín wákàtí díẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn náà sàn. Ní ọdún 2007, Jesús Villar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì fi hàn pé bí a bá tò ẹ̀rọ gbogbo aláìsàn sí ìlànà kan náà, tí a sì tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn wákàtí 24, àwọn kan tí a ti kà mọ́ ARDS kò sí ní ipele náà mọ́, ikú sì kéré púpọ̀ láàárín wọn. Wíwọ̀n àkọ́kọ́ kò ya àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Wíwọ̀n kejì ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àkókò tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Bí ìtọ́jú bá yí padà, àtubọ̀tán yóò yí padà, òṣùwọ̀n àtijọ́ yóò sì di irọ́. Ní ọdún 2000, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 861 fi hàn pé èémí kékeré, tí ó jẹ́ mílílítà 6 fún kílógíráàmù ìwúwo ara tí a fojú bù láti inú gíga ènìyàn, sàn ju mílílítà 12 lọ. Ikú wálẹ̀ láti 39.8 sí 31.0 nínú 100. Ní ọdún 2013, ìwádìí PROSEVA ní ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì fi hàn pé bí a bá da ojú àwọn tí tiwọn le bolẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, ikú láàárín ọjọ́ 28 yóò wálẹ̀ láti 32.8 sí 16.0 nínú 100. Kò sí oògùn tuntun nínú ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí. Bí dókítà kan bá fi òṣùwọ̀n tí a ṣe kí a tó mọ nǹkan wọ̀nyí sọ fún ẹbí pé kò sí ìrètí, àìsàn kọ́ ni ó ń ròyìn. Ìtọ́jú àtijọ́ ni ó ń ròyìn.

6.0 Òṣùwọ̀n àti Ibi

Ìpéye iye, èyí tí a pè ní ìdánwò kejì, ni ó máa ń bàjẹ́ jù bí òṣùwọ̀n bá kúrò nílé. Oríkì Berlin ń béèrè ẹ̀rọ ìmí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti X-ray. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, ǹjẹ́ kò sí àìsàn ni? Riviello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Kigali ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Wọ́n yọ ẹ̀rọ ìmí kúrò nínú ohun tí ó pọn dandan. Wọ́n fi ẹ̀rọ òǹka ọ́síjìn tí a ń fi sórí ìka dípò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sì gba ultrasound, irú ẹ̀rọ tí àwọn aboyún mọ̀ sí sìkáànì, láàyè dípò X-ray. Nínú aláìsàn 1,046 tí wọ́n yẹ̀ wò, 42 ni ó ní ìkọṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró gẹ́gẹ́ bí oríkì Kigali. Gẹ́gẹ́ bí oríkì Berlin, kò sí ẹyọ kan. Síbẹ̀, ìdajì àwọn 42 náà kú sí ilé ìwòsàn, èyí tí ó gba ICU nínú wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

A rí i níhìn-ín pé òṣùwọ̀n lè sọ ènìyàn di aláìsí nínú ìwé kí ikú tó dé. Àwọn onímọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ yìí: oríkì àgbáyé tí a ṣètò ní ọdún 2023 ti gba ẹ̀rọ orí ìka àti ultrasound wọlé, ó sì ní ìlànà fún ibi tí ohun èlò kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ojútùú yìí bí ìṣòro mìíràn tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Iṣẹ́ Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ orí ìka lélẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú awọ kọjá. Ní ọdún 2020, Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo àwọn ìgbà tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wà láàárín 92 àti 96 nínú 100. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wò, ọ́síjìn kò tó 88 ní ìgbà 11.7 nínú 100 lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ní ìgbà 3.6 péré lára àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣírò. Oríkì Kigali sọ pé kí a fi ìpín ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pín nọ́ńbà ẹ̀rọ orí ìka. Bí ó bá jẹ́ 315 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, aláìsàn wọlé. Bí ẹ̀rọ bá ka 96 fún ẹni tí ó ń fa ọ́síjìn 0.3 símú, 320 ni yóò jáde, a ó sì sọ pé kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 87 ni òtítọ́ ibẹ̀, 290 ni ì bá jáde. Ẹni tí ó yẹ kí a gbà wọlé ni a dá padà sí wọ́ọ̀dù lásán.

Ibi tún kan iye ikú fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, ìwádìí kan wáyé ní ilé ìwòsàn 64 ní orílẹ̀-èdè 10 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nínú aláìsàn 6,779 tí a ní kí wọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, 3,752 ni ó rí àyè. Nínú àwọn 3,140 tí ìwádìí náà gbé yẹ̀ wò, 48.2 nínú 100 kú láàárín ọjọ́ 30, nígbà tí ìpíndọ́gba àgbáyé tí wọ́n fi wé e jẹ́ 31.5. Àwọn olùwádìí náà sọ pé àìtó ohun èlò wà lára ohun tí ó fà á. Òṣùwọ̀n tí a bá ṣe níbi tí 31 ti ń kú yóò ṣèlérí ju bí ó ti yẹ lọ níbi tí 48 ti ń kú. Bákan náà, bí a bá fi 48 ṣe òṣùwọ̀n tiwa láìbéèrè ohun tí ó fà á, a ó máa ka àìtó ọ́síjìn àti àìtó nọ́ọ̀sì mọ́ àìlera ara aláìsàn.

7.0 Ewu Àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ń Mú Ara Rẹ̀ Ṣẹ

Ká ní òṣùwọ̀n kan sọ pé kò sí ẹni tí máàkì rẹ̀ bá dé iye kan tí ó máa ń yè. Àwọn dókítà gbà á gbọ́. Wọn kò gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ mọ́. Gbogbo wọn kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé òótọ́ ni, kò sí ẹni tí ó yè. Òṣùwọ̀n náà yege, ṣùgbọ́n òun ni ó pa àwọn ẹlẹ́rìí tí ì bá takò ó. Kò sí ìdánwò ìṣirò tí ó lè tú irú àṣìṣe yìí fó bí a kò bá mọ ẹni tí a fún ní ìtọ́jú àti ẹni tí a fi dù.

Nítorí náà, níbi tí ẹ̀rọ kò ti tó, a kò sọ pé kí a má lo òṣùwọ̀n. Bí a bá pa á tì, ojú àánú, ipò, tàbí ẹni tí ènìyàn mọ̀ ni yóò di òṣùwọ̀n, èyí sì burú jù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òṣùwọ̀n ran ìpinnu lọ́wọ́, kí ó má di ìpinnu fúnra rẹ̀. Kí a máa kọ ìdí ìpinnu sílẹ̀. Kí a sì máa tún aláìsàn yẹ̀ wò.

Yíyè pàápàá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2003, Margaret Herridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ròyìn nípa aláìsàn 109 tí ó yè. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n iṣan ara wọn ṣì rẹ̀, àwọn tí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kò sì ju nǹkan bí ìdajì lọ. Ẹbí tí ó béèrè pé 'ṣé yóò yè é?' ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ èyí náà.

Báwo ni a ó ṣe wá sọ ọ́? Bí a bá sọ pé 'ikú ni ó máa já sí', a ti purọ́. Bí a bá sì sọ pé 'ẹ má ṣe ìyọnu, kò sí nǹkan kan', a ti purọ́ pẹ̀lú. Lérò tiwa, èdè wa gba ọ̀nà kẹta láìsí wàhálà: 'Nínú ènìyàn 100 tí ó bá wà ní irú ipò tí bàbá yín wà yìí, nǹkan bí 45 ni kì í yè é, 55 a sì yè é. A kò mọ apá ibi tí tiwọn yóò bọ́ sí. A ó tún yẹ̀ wọ́n wò lọ́la, a ó sì sọ ohun tí a bá rí fún yín.' Gbólóhùn yìí fi ẹni náà sí àárín ọ̀wọ́, ó jẹ́wọ́ ibi tí ìmọ̀ mọ, ó sì ṣèlérí ọ̀la. Bí ẹbí bá dáhùn pé Ọlọ́run ni ó mọ̀ jù, ohun tí wọ́n sọ kò tako nọ́ńbà náà rárá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé nọ́ńbà ọ́síjìn nìkan kò lè ya ẹni tí yóò yè sọ́tọ̀ dáadáa. Pé wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì sọ̀rọ̀ ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Pé ìtọ́jú tuntun a máa sọ òṣùwọ̀n di àtijọ́. Àti pé òṣùwọ̀n tí a gbé wá láti òkèèrè gbọ́dọ̀ yege ìdánwò níbi tí a fẹ́ lò ó, àti lára irú awọ tí a fẹ́ lò ó fún.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa kò kéré. Bí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tí ó ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe nílẹ̀ wa bá ń kọ máàkì aláìsàn, ìtọ́jú tí a fún un, èyí tí a kò rí fún un, àti àtubọ̀tán rẹ̀ sílẹ̀, a ó ní ohun tí a lè fi tún òṣùwọ̀n wọ̀nyí ṣe. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà lórí ìwé gbọ́dọ̀ padà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó tún wo aláìsàn náà.